Òwú Pupa Lẹ́nu Páìpù

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ ní kí n kọ ojú ìwé mẹ́rin sínú ìwé àádọ́ta ọdún ìjọ wa, kí n sọ bí èmi àti ìyàwó mi ṣe sìn nílẹ̀ òkèèrè. Akọ̀wé ìjọ tún ránṣẹ́ sí mi pé n ó dúró níwájú lọ́jọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, kí n gbàdúrà fún tọkọtaya tó fẹ́ lọ gbé inú ilé tí àwa náà gbé, pé lẹ́yìn àdúrà náà ẹ ó fún mi ní ìwé ẹ̀rí òṣìṣẹ́ tí a kò rí àbùkù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, mo jókòó tì í. Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí kì í ṣe èyí tí ẹ ń retí, ṣùgbọ́n òun ni òótọ́, ó sì tó àkókò kí ó jáde. Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi í pamọ́. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì rẹ̀ ti tú. Èmi tí mo sì mọ ẹ̀rọ, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ń lọ. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yín. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ kà á fún ìjọ létí. Ẹ má ṣáà tì í mọ́nú àpótí.

Àwọn àgbà inú yín mọ̀ pé awakọ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, pé mi ò sì kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan. Aago ògiri bàbá mi ni mo kọ́kọ́ tú, nígbà tí mi ò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ. Mo tò ó padà, irin kékeré kan ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́, aago náà sì ń lọ geerege. Bàbá mi wo irin náà, ó wo aago, ó ní, "Àbí ẹni tó ṣe é ló ṣe àṣejù?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mi ò mú un ní ẹ̀rín. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbà pé ohun tí mi ò bá rí ìwúlò rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, kò wúlò náà nìyẹn. Oṣù mẹ́rin ni aago yẹn fi ṣiṣẹ́, ó dákẹ́, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n apá ìtàn yẹn kọ́ ni mo máa ń sọ fún èèyàn.

Nígbà tí àwọn ọmọ ti ní ilé tiwọn, ìjọ ní kí èmi àti ìyàwó mi, tó jẹ́ aránṣọ, lọ ṣe míṣọ́nnárì àgbà fún ọdún méjì. Iṣẹ́ àgbàlagbà ni lóòótọ́: kí a kọ́ àwọn tí kò mọ̀wé ní ìwé kíkà, kí a máa bẹ àwọn arúgbó tí kò lẹ́nìkan wò, kí a sì máa tọ́jú àjà kejì ilé kan tí ìjọ gbà fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Tọkọtaya kan tó wá láti ìjọ wa ní ìlú mìíràn ni wọ́n bá wa gbé àjà náà. Tíṣà ni ọkọ kó tó fẹ̀yìn tì. Bàbá Ìwé la ń pè é, torí kò sí ibi tó ń lọ tí ìwé kì í sí lábíyá rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti ń tẹ dùùrù nínú ìjọ wọn láti ìgbà ọmọge. Ìyá Olórin ni tirẹ̀. Èmi ni wọ́n sọ ní Bàbá Sípánà. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, a ti di ọmọ ìyá. Ìyàwó mi máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ adùn Yorùbá, kí ó lọ síbi tí kò ti sí ẹni tó gbọ́ ọ. Bí a bá jẹun tán, a ó kó ara wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín yàrá wa, a ó máa yọ ara wa lẹ́nu. "Bàbá Sípánà," Bàbá Ìwé á ní, "ẹ tún ti tú rédíò mi." Màá ní, "Ó ń kùn ni, Bàbá." Á ní, "Ṣé kò ní kùn? Irú ìròyìn tó ń kà, ta ni kò ní kùn?"

Àṣà ibẹ̀ kọ́kọ́ ṣòro fún wa. A ò rí ọ̀rọ̀ tí a ó fi kí ẹni tó ń gbálẹ̀, a ò rí ti ẹni tó jókòó, a ò rí ti ẹni tó ń ti ọjà bọ̀. Èèyàn á kọjá lára rẹ, á mi orí, ó parí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyàwó mi kúnlẹ̀ kí ìyá arúgbó kan lórí àtẹ̀gùn. Ìyá náà rò pé ó ṣubú ni, ó sì fà á dìde. Ṣùgbọ́n àṣà kan wà nínú ilé yẹn tó wọ̀ wá lára. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kó kúrò pátápátá, wọn kì í jẹ́ kó kàn gbé ẹrù jáde. Wọ́n á kó ẹrù rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ará ilé á mú àga wá, wọ́n á jókòó. Ẹni tó ń lọ á wá bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Ǹjẹ́ ohun kan wà láàárín wa?" Bí ohun kan bá wà, ìbáà ṣe ìbínú, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ tí o sọ lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ lo ó ti sọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bá ọ jà lé e lórí. Bí kò bá sí, wàá ní, "Kò sí." Wọ́n á dìde, ẹni náà á lọ, kò sì ní wẹ̀yìn. Ìṣojú mi ni Bàbá Ìwé ti jẹ́wọ́ fún olùkọ́ kan nínú ilé náà tó ń kó lọ pé òun lòun ń jẹ bisikíìtì rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, tí òun sì ń wò ó níran bó ṣe ń dẹ pàkúté fún eku. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Olùkọ́ náà ní, "Ẹ bá mi bẹ eku." Mo rántí ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́yìn náà, nígbà tí kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹni tó kọ́ wa ní àṣà yìí ni olùtọ́jú ilé. Ọkùnrin ẹni ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni, kò ga, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Ìdì kọ́kọ́rọ́ kan máa ń wà nígbàdí rẹ̀, a ó ti gbọ́ ọ kí a tó rí i. Oníkọ́kọ́rọ́ là ń pè é láàárín ara wa. Onílé fún un ní yàrá méjì nísàlẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà, ibẹ̀ ni òun àti ìyá rẹ̀ ti ń gbé fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ìyá náà kò lè rìn dáadáa mọ́. Ojú fèrèsé ló máa ń jókòó sí, ó sì mọ ìró ẹsẹ̀ gbogbo wa. Èmi àti Oníkọ́kọ́rọ́ gbọ́ ara wa yé, torí irin kò ní èdè. Mo kọ́ èdè wọn níwọ̀nba, òun náà á sì máa bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bọ́ ọmọ. Bàbá ló ń pè mí. Ó fẹ́ràn ọgbọ́n kan tí mo máa ń dá sí páìpù. Tépù funfun làwọn oníṣẹ́ omi máa ń wé mọ́ ẹnu irin kí omi má bàa jò, ṣùgbọ́n òwú ìránṣọ ìyàwó mi lèmi ń lò, òwú pupa, tí mo fi ìda àbẹ́là pa, tí mo sì wé ní ìlọ́po méje. Ó dì ju tépù lọ. Oníkọ́kọ́rọ́ ní òun kò rí irú rẹ̀ rí ní gbogbo ìlú náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òwú yìí sọ́kàn.

Yàrá ìfọṣọ wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, inú rẹ̀ sì ni ẹ̀rọ amómigbóná wà, àgbá irin funfun kan tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ní mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ mi ṣe tóbi tó. Iná mànàmáná ló ń mú omi inú àgbá gbóná. Ohun kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣọ́ iná náà: bí omi bá ti gbóná tó, á pa á, bí omi bá tutù, á tàn án. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ lè sùn lọ. Bó bá sùn, omi á máa gbóná sí i, agbára rẹ̀ á máa pọ̀ sí i, kò sì ní ríbi gbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe fáàfù kan sí ẹ̀gbẹ́ àgbá, tí sípíríǹgì tẹ̀ pa. Bí agbára omi bá borí sípíríǹgì, fáàfù á ṣí, omi á gba ẹnu páìpù kékeré kan jáde sínú garawa, ewu á sì kọjá. Ẹni tó ronú kan nǹkan yẹn, mo bọ̀wọ̀ fún un. Fáàfù tiwa ti gbó, kì í pa dé mọ́, omi sì ń kán níbẹ̀ láti àárọ̀ dálẹ́: tó, tó, tó.

Ẹ̀yìn ògiri yẹn gan-an ni Ìyá Olórin gbé dùùrù kékeré rẹ̀ sí. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Bàbá Sípánà, omi yẹn ń bá mi kọrin, kò sì mọ orin. Bí mo bá dé mẹ́ta, òun á wà lórí mẹ́rin." Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, Ìyá." Mo lọ bá Oníkọ́kọ́rọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èémí rẹ̀ nìyẹn. Mo ti béèrè fáàfù tuntun lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní yóò dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì." Mo mi orí bí àwọn ará ibẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tó jáde, mo wá ìdérí irin kékeré kan nínú àpótí iṣẹ́ mi, mo wé òwú pupa mọ́ ọn ní ìlọ́po méje, mo sì yí i mọ́ ẹnu páìpù tó ń kán náà títí kò fi lè yí mọ́. Gbogbo ẹ pa rọ́rọ́. Ìyá Olórin tẹ orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ wo ọlọ́gbọ́n." Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ọjọ́ Ajé ni Oníkọ́kọ́rọ́ máa ń yẹ ẹ̀rọ náà wò, èmi ni mo sì máa ń bá a di tọ́ọ̀ṣì mú; mo ní n ó ti tú ìdérí náà kí ọjọ́ Ajé tó dé, n ó sì tún máa dé e padà bẹ́ẹ̀ títí fáàfù tuntun yóò fi dé. Kí ẹnikẹ́ni má gbèjà mi pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé mo dí imú ohun tó yẹ kó máa mí, mo kàn rò pé ẹ̀rọ yóò dúró dè mí ni.

Kò dúró dè mí. Àárọ̀ Sátidé ni. Ìyàwó mi àti Bàbá Ìwé ti lọ kọ́ àwọn èèyàn wọn ní ìwé. Èmi ń nu bàtà lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, Ìyá Olórin ń fọ aṣọ tábìlì nínú yàrá ìfọṣọ. Mo gbọ́ ìró kan bí ẹni fi òòlù lu àgbá, mo sì gbọ́ igbe. Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn, èéfín omi gbígbóná ti bo gbogbo yàrá. Ẹ̀ṣọ́ iná ti sùn, omi ti hó kọjá ààlà, ibi tí páìpù ti so pọ̀ lábẹ́ àgbá ti já, omi híhó sì ti tú sí ọwọ́ ọ̀tún Ìyá Olórin títí dé ìgúnpá. Mo pa iná, mo ti omi pa, mo mú un jáde, mo gbé ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ omi tútù nílé ìdáná, mo ké sí Oníkọ́kọ́rọ́, òun ló sì sáré wá ọkọ̀ tó gbé wa lọ sílé ìwòsàn. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún èèyàn nìyẹn. Wọ́n ní ọpẹ́lọpẹ́ mi. Bàbá Ìwé di ọwọ́ mi méjèèjì mú nílé ìwòsàn. Ẹ̀yin ará, mo fo nǹkan kan nínú ìtàn yẹn. N ó padà sí i. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àwọn èyí tó rọrùn.

Lọ́jọ́ Ajé, aṣojú onílé mú ẹnì kan tó mọ ẹ̀rọ wá. Wọ́n tú àgbá náà wò. Ìdérí irin mi kò sí níbẹ̀ mọ́, inú àpò mi ló wà. Ọkùnrin tó mọ ẹ̀rọ náà ní ó ya òun lẹ́nu, pé bí fáàfù ti wù kó gbó tó, ó yẹ kó tú omi jáde. Ó kọjú sí mi: "Bàbá, wọ́n ní ẹ gbọ́ ẹ̀rọ. Ǹjẹ́ ẹ rí ẹni tó fọwọ́ kàn án?" Mo ní, "Mi ò rí ẹnikẹ́ni." Òótọ́ ni, bí a bá fẹ́ fi òótọ́ ṣeré, ta ní ń rí ara rẹ̀ láìsí dígí? Oníkọ́kọ́rọ́ ní òun ti béèrè fáàfù tuntun lẹ́ẹ̀mẹta. Aṣojú onílé ní, "Ìwé dà?" Kò sí ìwé, ẹnu ló fi béèrè. Aṣojú tún bi mí bóyá olùtọ́jú ilé máa ń yẹ ẹ̀rọ náà wò. Oníkọ́kọ́rọ́ dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, àwọn kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò dún. Mo ní, "Mi ò lè sọ pé mo rí i kó máa yẹ̀ ẹ́ wò déédéé." Èmi tí mo ń bá a di tọ́ọ̀ṣì mú ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí wọ́n má dá mi padà sílé, sọ́dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ fi orin sìn wá dé ìdí ọkọ̀, kí wọ́n wá máa wí pé Bàbá Sípánà ló fi ọgbọ́n rẹ̀ bó èèyàn lára. Mo rí yàrá méjì tí ọkùnrin náà àti ìyá rẹ̀ ń gbé lójú mi kedere bí mo ṣe ń fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i náà ni.

Lọ́jọ́ yẹn ìyàwó mi bi mí pé, "Bàbá wọn, ṣé kì í ṣe pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan yẹn?" Mo ní, "Irú ìbéèrè wo nìyẹn?" Kò bi mí mọ́. Ẹni tó fi ìbéèrè dáhùn ìbéèrè ti dáhùn, òun náà sì mọ̀, ṣùgbọ́n ó ń dúró de ẹnu mi. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ náà pè mí lójú fèrèsé, ó ní, "Bàbá, ìró ẹsẹ̀ yín ti yí padà. Ẹ ń rìn bí ẹni gbé omi lórí." Mo ní orúnkún ni.

Ìyá Olórin àti ọkọ rẹ̀ ní láti padà sílé kí ọdún wọn tó pé, nítorí ọwọ́ yẹn. A kó àwọn àpótí wọn sẹ́nu ọ̀nà, a jókòó. Báńdéèjì funfun wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Ó bi ìyàwó mi, ìyàwó mi sunkún, ó ní kò sí. Ó bi Oníkọ́kọ́rọ́, ìyẹn ní kò sí. Ó kọjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá Sípánà mi, ǹjẹ́ ohun kan wà láàárín wa?" Mo ní, "Kò sí, Ìyá." Ó ní, "Èmi mọ ohun tó wà. Ọpẹ́ ló wà. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, gbogbo ara ni ì bá bó." Bàbá Ìwé gbé rédíò rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. "Ẹ máa tú u lọ, Bàbá," ó ní, "kò sẹ́ni tí yóò dá yín lẹ́kun mọ́." Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọn ò wẹ̀yìn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa di ọ̀dẹ̀dẹ̀ lásán.

Lẹ́yìn náà ni onílé fún Oníkọ́kọ́rọ́ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá kí ó kó jáde. Fún odindi ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn, gbólóhùn kan péré ì bá tó. Àárọ̀ ni wọ́n lọ. Ó gbé ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga lẹ́bàá ẹrù wọn, àwa ará ilé yí wọn ká. Kọ́kọ́rọ́ kò sí nígbàdí rẹ̀ mọ́, ó wá dà bí ẹni tí kò wọṣọ. Ó bi gbogbo èèyàn kó tó kàn mí, kò sì yára. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ tèmi. "Bàbá," ó ní, "ǹjẹ́ ohun kan wà láàárín wa?" Ó wò mí. Kì í ṣe ìwò ìbínú, ìwò ẹni tó ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún èèyàn ni. Mo ní, "Kò sí." Ó ní, "Bàbá, mo tún bi yín." Wọn kì í bi èèyàn lẹ́ẹ̀mejì nínú àṣà wọn. Mo ní, "Ọmọ mi, kò sí." Ó mi orí. Ó mú bébà kékeré kan tó ká jáde nínú àpò, ó gbé e sórí àga tó ti dìde, ó pọn ìyá rẹ̀, ó sì lọ. Nígbà tí mo ṣí bébà náà, òwú pupa ni, ìlọ́po méje, ìda àbẹ́là ṣì wà lára rẹ̀, ó ká bí ó ṣe ká lẹ́nu páìpù. Òun ló tún yàrá ìfọṣọ ṣe lọ́jọ́ tí omi bú. Ó ti rí i láti Sátidé, kó tó di pé aṣojú onílé dé. Ó fi í sápò, ó sì ń dúró dè mí. Nílùú yẹn, wọn kì í fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu àgbà. Wọ́n máa ń gbé àga kalẹ̀ fún un ni.

Ẹ óò bi mí bí òwú ṣe kù lẹ́nu páìpù. Ibi tí mo fò nìyẹn. Nígbà tí mo wọ yàrá náà, mo pa iná, mo ti omi pa. Ìyá Olórin fara ti ògiri, ó di ojú, ó na ọwọ́ síwájú. Ó ní, "Bàbá Sípánà, ẹ gbà mí, ẹ mú mi dé ibi omi tútù." Mo ní, "Mò ń bọ̀, Ìyá." Sípánà mi wà lójú fèrèsé, mo mú un. Mo fi àkísà bo ìdérí irin náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ó le, torí mo ti wé e dáadáa; ọgbọ́n mi ń bá mi jà. Ó tún ní, "Bàbá, ṣé ẹ wà níbẹ̀?" Mo ní, "Mo wà níbí." Mo tú u títí ó fi jáde, òwú rẹ̀ ṣẹ́kù sára páìpù, mi ò rí i nítorí èéfín náà. Mo sọ ìdérí náà sápò, ó sì jó mi nítan. Mo sọ fún ìyàwó mi pé áyọ́ọ̀nù ni. Lẹ́yìn náà ni mo tó di Ìyá Olórin lápá mú. Nọ́ọ̀sì sọ fún wa lọ́jọ́ yẹn pé omi tútù tó bá tètè kan ọwọ́ tó bó ló ń gbà á. Mo mi orí níwájú rẹ̀, ìdérí irin ń gbóná lápò mi.

Ní oṣù tó kọjá, mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, àwa méjèèjì sì wọkọ̀ lọ bá Ìyá Olórin nílùú wọn. Ìka méjì kò ṣeé ká mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tẹ dùùrù láti ìgbà náà. Mo kúnlẹ̀ níwájú ẹni tí mo fi ọdún mélòó kan jù lọ, mo sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá Ìwé dìde ní àárín ọ̀rọ̀ mi, ó wọ yàrá lọ, kò sì jáde títí a fi kúrò. Ìyá Olórin gbé ọwọ́ náà lé itan. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ó pẹ́ kí ẹ tó dì mí lápá mú lọ́jọ́ yẹn. Mo kà á. Kò sí ohun tí èmi kì í kà. Ó tó odidi ẹsẹ orin kan àti ègbè rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rù ló dè yín lẹ́sẹ̀, mo sì máa ń ṣàánú yín." Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Bàbá, èmi ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi kò lé ẹnikẹ́ni jáde nílé. Ẹ lọ bá ẹni tí wọ́n lé jáde."

Mo ti kọ̀wé sí onílé náà, mo sì ti kó ọ̀rọ̀ tí mo fọwọ́ sí jẹ lójú ẹlẹ́rìí méjì. Ẹnì kan tó ṣì ń gbé ilé náà kọ̀wé sí mi pé Oníkọ́kọ́rọ́ ń gbálẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní ìkángun ìlú, pé ìyá rẹ̀ kú lọ́dún kejì, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ dojú kọ ògiri. Mi ò lágbára ìrìn yẹn mọ́. Nítorí náà, tọkọtaya tó ń lọ, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ìmọ̀ràn púpọ̀ kí ẹ tó lọ; tèmi kò gùn. Bí ẹ bá bá nǹkan tó ń kán nínú ilé onílé, ẹ béèrè ohun tó ń mí fún kí ẹ tó dí i. Bí ẹ bá sì ti dí i, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí kò tíì ju ìtìjú lọ. Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ forí jì mí, ẹ fi ìwé ẹ̀rí yẹn sílẹ̀, kí ẹlòmíràn sì gbàdúrà fún wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n bá mi gbé wà lórí tábìlì níwájú mi yìí: ìdérí irin kan, òwú pupa kan, àti lẹ́tà tí mo fi èdè rẹ̀ kọ, bó ti wù kó ṣe wọ́gọwọ̀gọ tó. Ẹ fi wọ́n lé Oníkọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ẹ gbé àga, kí ẹ jókòó. Ó lè má bi yín ní nǹkan kan, torí ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì rí. Ẹ má dúró kí ó béèrè. Ẹ sọ fún un pé Bàbá ní ohun kan wà.